Putnik Kọ́ Ló Ja Gbogbo Ogun Sẹ́bíà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ìtàn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú. Ẹ ní Radomir Putnik, ọ̀gágun Sẹ́bíà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, gun ẹṣin ṣíwájú ọmọ ogun Sẹ́bíà lọ́dún 1914, ó ṣẹ́gun Austria-Hungary lórí òkè Cer, ó tún ṣẹ́gun wọn létí odò Kolubara. Ẹ wá lẹ àwòrán Ratko Mladić mọ́ ọn! Mladić tí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ogun ní The Hague dá ẹ̀wọ̀n gbére fún lọ́dún 2017 nítorí ìpakúpa tó wáyé ní Srebrenica ní Bosnia lọ́dún 1995 àti ní àwọn ibòmíràn? Putnik ti kú láti 1917. Àbí gbogbo ọ̀gágun Sẹ́bíà ti di ẹnì kan ṣoṣo lójú yín ni?

Ẹ jẹ́ ká fi ti àwòrán sílẹ̀ ná. Putnik kọ́ ló jà ní Kolubara; ọ̀gágun Živojin Mišić ni. Òun kọ́ ló jà ní Cer; ọ̀gágun Stepa Stepanović ni, pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kejì. Alexander, ọmọ ọba tó jẹ́ adelé fún bàbá rẹ̀, ló ń jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun lórúkọ. Putnik ni olórí àwọn tó ń gbèrò ogun: òun ló ń pinnu ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wà àti ìgbà tí yóò ṣí kúrò.

Ẹṣin wo ló fẹ́ gùn? Ẹni ọdún 67 ni bàbá náà nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sì ń bá a fínra. Inú yàrá tó móoru, níwájú máàpù, ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Sẹ́bíà ń sá gba orí òkè Albáníà lọ́dún 1915, àwọn ọmọ ogun ló fi àga gbé e. Lóṣù Keje 1914 gan-an, Bad Gleichenberg ní Austria ló wà, níbi tó ti ń tọ́jú ara rẹ̀. Àwọn Austria-Hungary mú un ní Budapest bó ṣe ń padà sílé, kí Franz Joseph, ọba wọn, tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ètò ogun sì wà nínú àpótí irin ní Belgrade, olú ìlú Sẹ́bíà, kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ Putnik. Àfi ìgbà tí wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ àpótí náà. Ibi tí iṣẹ́ Putnik wà nìyẹn, nínú bébà.

Ní Cer, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni pé ó kó ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sí àárín ilẹ̀, kí wọ́n lè yíjú síbi yòówù tí ọ̀tá bá gbà wọlé. Nígbà tí Austria sọdá odò Drina láti ìwọ̀-oòrùn lóṣù Kẹjọ, wọ́n yíjú síbẹ̀. Stepanović ló jà á, ìyẹn sì ni ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Faransé, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì ní nínú Ogun Àgbáyé Kìíní.

Kolubara tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta àgbá ti ń tán lọ́wọ́ wọn. Mišić tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kìíní fẹ́ fà sẹ́yìn dé Gornji Milanovac kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè sinmi. Putnik kọ́kọ́ kọ̀, torí pé bí Mišić bá fà sẹ́yìn, Belgrade lọ nìyẹn. Mišić ò gbà. Putnik yọ̀ǹda níkẹyìn, Belgrade sì bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọta tí Faransé fi ránṣẹ́ gba Thessaloniki, èbúté ilẹ̀ Gíríìsì, dé, ẹrẹ̀ sì ti mú kí oúnjẹ àti ọta àwọn Austria máa pẹ́ lọ́nà. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá, Mišić yí padà kọlù wọ́n. Mo tún un sọ: Putnik kọ́ ló jà ní Kolubara.

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìtàn fún ilé ẹ̀kọ́ kò sàn jù yín lọ. Wọ́n á ní wọ́n yìnbọn pa àrólé ọba Austria ní Sarajevo, gbogbo ayé gbaná, ó parí. Ta ló tiẹ̀ ń yẹ iṣẹ́ wọn wò?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa yẹ déètì wò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ (Julian), tó fi ọjọ́ mélòó kan wà lẹ́yìn tiwa, ni Sẹ́bíà ń lò títí di 1919. Kí ẹni náà kọ́kọ́ béèrè kàlẹ́ńdà tí ìwé tó ń kà ń lò. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, kó fi ọjọ́ 12 kún déètì tó wà láàárín oṣù Kẹta 1800 sí oṣù Kejì 1900. Láti oṣù Kẹta 1900, kó fi 13 kún un. Ogun Kumanovo, níbi tí Sẹ́bíà ti ṣẹ́gun Turkey, tí ìwé àtijọ́ kọ ní 10 sí 11 oṣù Kẹwàá 1912 di 23 sí 24. Ọjọ́ ìbí Putnik, 12 oṣù Kìíní 1847, di 24; ẹ̀yin kọ 25, ẹ ti fi 13 kún un níbi tí 12 yẹ. Ẹ wo Belgrade: ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1914 ni Austria wọ ibẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà wa. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá náà ni Sẹ́bíà gbà á padà nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìyẹn 15 tiwa. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò kọ ọ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìlú náà bọ́ tí wọ́n sì gbà á padà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti kọ ọ́.

Kí ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó wà nínú àwòrán sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀gágun mẹ́rin ni wọ́n fi oyè vojvoda, oyè tó ga jù lọ fún ọmọ ogun Sẹ́bíà, dá lọ́lá nínú àwọn ogun wọ̀nyẹn: Putnik lọ́dún 1912, Stepanović àti Mišić lọ́dún 1914, Petar Bojović lọ́dún 1918. Ojú ewé ìtàn ni kí àtúnṣe ti jáde o, kì í ṣe abẹ́ ìkéde òkú.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan, Òṣogbo