Kí Ilé Ìwé Aládàáni Máa Wà, Ṣùgbọ́n Kí Ọmọ Aláṣẹ Lọ sí Ti Ìjọba

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èrò mi yìí sínú ìwé ìròyìn yín. Ilé ìwé ìjọba ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ n kò fara mọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba fòfin de ilé ìwé àti ilé ìwòsàn aládàáni.

Wọ́n ti dán an wò rí. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Lateef Jákàńdè fẹ́ fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olúbùnmi Okogie àti àwọn mìíràn pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé ìwé sílẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà bá jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí òrùlé ń jò, orí àwọn méjèèjì ni òjò yóò pa, baba olówó kò sì ní dákẹ́. Lónìí, ọmọ aláta àti ọmọ mẹkáníìkì ló kù sábẹ́ òrùlé náà, ta ni yóò sì gbọ́ ohùn ìyá aláta ní Aláùsá, ibùjókòó ìjọba Èkó? Àní púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí pàápàá ti ń fi owó àjọ san owó ilé ìwé aládàáni inú àdúgbò. N kò lè dá wọn lẹ́bi, nítorí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìjọba mú àbígbẹ̀yìn mi kúrò nígbà tí ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ pé 89, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ní ti ìlera, ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2014. Àwọn dókítà ìjọba ti daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà, gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléńdé ni wọ́n sì gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò gbọdọ̀ jáde, àrùn náà sì pa Dókítà Adadevoh. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣáájú iṣẹ́ wíwá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn rí láti ilé dé ilé, ilé ìwòsàn ìjọba ní Yábà ni wọ́n sì ti tọ́jú àwọn tó kó o. Ta ni ìbá ṣe ìyẹn bí kò bá sí ti ìjọba?

Abala 46 nínú Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti kà á léèwọ̀ láti fi owó ìlú gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ gba ìtọ́jú lókè òkun, àfi bí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá dámọ̀ràn rẹ̀, tí mínísítà tàbí kọmíṣánnà sì fọwọ́ sí i. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó mú un jìnnà jù bẹ́ẹ̀: kí ọmọ gómìnà, kọmíṣánnà, aṣòfin àti alága káńsù máa lọ sí ilé ìwé ìjọba níwọ̀n ìgbà tí òbí wọn bá wà nípò, kí àwọn òbí náà sì máa gba ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ ipò náà, nítorí a kì í fi túláàsì múni jẹ kọmíṣánnà. Kí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ láti orí ara wọn, nígbà tí ilé ìwé bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú.