Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa nípa ìgò ẹmu tó bẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Lágere, ní Sábó, ní Mọdákẹ́kẹ́ àti nínú ọgbà Yunifásítì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àfaradà wa.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù tó kọjá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú báàgì ọ̀rá lọ́wọ́. Ó ti ń ra ẹmu lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí agbè ni mo fi ń tà á. Kò tíì kí mi tán tó fi gbé báàgì náà lé orí tábìlì. Àfọ́kù ìgò ló wà nínú rẹ̀. Ọrùn ìgò náà kò fọ́, ìdérí rẹ̀ ṣì dé pinpin. Ó ní inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti bẹ́ lóru, ó dún bí ìbọn, ọmọ òun kékeré sì ta jí, ó ń ké. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó parí, ìgò mọ́kànlá ló ti padà sọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ò bẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí wọn ni ìdajì ẹmu tú dà sí ilẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ la ti gbọ́ láti ìgbà náà. Àwọn kan ní ṣúgà la bù sí i. Àwọn kan ní ẹmu àná la rọ sínú ìgò tí a sọ pé ti òní ni. Ẹ̀bi wa ni, mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni rù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣúgà, kì í sì í ṣe ẹmu àná. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí bí ẹ bá mọ ohun tó wà nínú ẹmu, ẹ ó mọ bí ẹ ṣe lè tọ́jú rẹ̀ nílé, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ lè bi wá léèrè.

Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ kì í funfun. Bó ṣe ń kán, ó mọ́ gaara, ó dùn bí omi ìrèké, ṣúgà inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Kó tó kún ìsàlẹ̀ agbè ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti bọ́ sínú rẹ̀, láti ara ọ̀pẹ, láti inú afẹ́fẹ́, láti ara oyin àti eṣinṣin tó ń bà lé e, àti láti inú agbè fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni yíìsì, ohun tí Bíbélì pè ní ìwúkàrà, irú èyí tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò. Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì jáde. Gáàsì yẹn ló ń mú kí ẹmu máa hó. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí, tí wọ́n pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà, ló sọ ẹmu di funfun lójú wa. Láàárín wákàtí méjì, ọtí inú rẹ̀ lè ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di ọjọ́ kejì, irú kòkòrò mìíràn á dé, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọtí náà di ohun kíkan. Ìyá mi kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó mọ wákàtí tí wọ́n ń dé. Ó máa ń ní ẹmu òwúrọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ìpè ìrun Àsárì ní ìsọ̀ òun.

Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ń ṣe wáìnì èso àjàrà ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ká àjàrà, ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Ṣúgà inú àjàrà tó pọ́n dáadáa tó ìlọ́po méjì ti inú ẹmu, ìyẹn ni wáìnì fi ń ní ọtí tó ìdá 12 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kíkan tó wà lára àjàrà, ń dènà ọ̀pọ̀ kòkòrò. Wọ́n tún ń fi sulphite díẹ̀ sí i, èròjà tí kì í jẹ́ kí wáìnì tètè bàjẹ́. Ẹ yí ìgò wáìnì wo lẹ́yìn, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Nítorí náà wọ́n lè gbé e sínú àgbá fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa tọ́ ọ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni adẹ́mu ń gbé tiwa sọ̀ kalẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní oṣù, àwa ní wákàtí.

Síbẹ̀, ìdí wáìnì ni ọgbọ́n tí a ń lò ti wá. Ní ọdún 1863, Napoleon III tó jẹ́ ọba Faransé ní kí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, wádìí ohun tó ń ba wáìnì wọn jẹ́. Ọkùnrin náà rí i pé kòkòrò àìfojúrí ni, ó sì rí i pé bí a bá mú wáìnì gbóná dé nǹkan bí 50 sí 60°C, láìjẹ́ kó hó, kòkòrò inú rẹ̀ á kú, adùn rẹ̀ kò sì ní sọnù. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú mílíìkì di òní. Ní ilẹ̀ wa níbí, FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì láti 1956, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ṣe lè fi ooru tọ́jú ẹmu nínú ìgò. Ooru tí ẹmu ń fẹ́ ju ti wáìnì lọ, nítorí ọtí inú rẹ̀ kéré, kò lè bá wa pa kòkòrò.

Ibi ooru yìí gan-an la ti ṣàṣìṣe. Bí a bá ti fi aṣọ funfun sẹ́ ẹmu, a ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó dé e, a ó to àwọn ìgò sínú àgbá omi tó wà lórí iná. A fẹ́ kí ẹmu gbóná kọjá 70°C díẹ̀, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Inú omi àgbá la máa ń ti tẹmómítà bọ̀. Bó bá ti ka 72, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a se àwọn ìgò tó bẹ́ yìí, àwọn kan tó ń ṣègbéyàwó ń retí ẹmu, àwọn tó ń bọ̀ wá rà á ní ṣọ́ọ̀bù náà wà ńlẹ̀, a sì fún ìgò 96 mọ́ra nínú àgbá tí a máa ń fi se 60. Omi ò ráyè yí láàárín wọn.

Nígbà tí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í padà, mo ní kí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ to ìgò 96 bákan náà padà. A fi ìgò kan sí àárín gbùngbùn láìdé e, a ti tẹmómítà bọ inú rẹ̀. Omi ẹ̀gbẹ́ àgbá ka 72. Ẹmu inú ìgò àárín ka 49. Mo nu tẹmómítà náà pẹ̀lú etí ìró mi, mo tún un tì bọ̀. 49 náà ni. Èmi àti ọmọ náà kàn ń wo ara wa ni.

Yíìsì tó wà nínú àwọn ìgò àárín yẹn kò kú tán. Nígbà tí wọ́n tutù, èyí tó kù jí, ó rí ṣúgà, ó ń jẹ ẹ́ lọ, gáàsì ń jáde, ìgò sì ti dé, kò síbi tí gáàsì fẹ́ gbà. Àwọn tó ń ṣe ṣàǹpéènì máa ń fẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìgò wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ìgò tó nípọn gan-an sílẹ̀ dè é, tí ìdí rẹ̀ kó wọnú, nítorí agbára gáàsì inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti afẹ́fẹ́ ìta. Ìgò tiwa kò lè gbé ìyẹn.

Ohun tí a ti yí padà nìyí. Ìgò kò ní ju 60 lọ mọ́ nínú àgbá, bí ó ti wù kí ìnáwó pọ̀ tó. Inú ìgò àárín ni tẹmómítà ń gbé báyìí, ibẹ̀ la sì ti ń ka ìṣẹ́jú. Bí a bá sè é tán, a ó fi díẹ̀ nínú wọn sí yàrá tó móoru fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ọ̀kan bá hó nínú wọn, gbogbo ti ọjọ́ yẹn kò ní jáde. Ọjọ́ tí a sè é sì ti wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè sọ fún wa èyí tó ń yọ yín lẹ́nu.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, nítorí ẹnìkan ní ògì ni. Yíìsì tó ti kú ni. Ẹ mi ìgò náà jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ tó dà á, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ewu. Pé ìgò kan dùn ju èkejì lọ, wákàtí tí a fi ooru dá yíìsì dúró ló fà á. Èyí tí a tètè sè ṣì ní ṣúgà púpọ̀ nínú. A kì í fi sákárínì sí i, a kì í sì í fi omi là á.

Ifẹ̀ la wà, gbogbo wa la mọ ìtàn Ọbàtálá àti ẹmu tó mu lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ Ọbàtálá kan, àti àwọn kan tí ẹ̀sìn wọn kò fàyè gba ọtí, ti bi mí bóyá a lè ṣe ẹmu tí kò ní ọtí rárá. Mi ò lè tà á fún yín pẹ̀lú irọ́: kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú rẹ̀, ooru tí a sì ń lò kì í lé e jáde. Bákan náà ni mò ń bẹ àwọn ìyá tó ń rà á fún ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé kí omi ọmú lè pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọtí tí ìyá bá mu ń dé inú ọmú tí ọmọ ń fà. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná àti omi púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìgò tí ẹ ń rà ní 1,500 náírà ti di 1,800, mo sì mọ̀ pé ara ń ta yín. Owó gáàsì ìdáná wà nínú rẹ̀. Nítorí ìyẹn, èèpo ẹkùrọ́ tí àwọn tó ń fọ́ ẹkùrọ́ ń dà nù la fi ń mú omi gbóná báyìí, gáàsì kàn ń bá wa dá ooru náà dúró sójú kan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ adẹ́mu ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ń lọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹmu tó pọ́ọ́kú wà. Ara ọ̀pẹ tí wọ́n gé lulẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀pẹ tó wà nílẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni gun òun, ó máa ń sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó parí. Bàbá tó ń dá tiwa ní ọ̀nà Oǹdó ń gùn ún ni. Mo ti bá a lọ ní ìdájí. Kó tó fi igbà, okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, gbára mọ́ igi, ó jókòó lórí gbòǹgbò, ó fi àtàǹpàkò wá gbogbo ara igbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣe é tán. Lókè, akọ òdòdó ló ń dá; òdòdó yẹn kì í di ẹyìn, nítorí náà olóko ṣì ń rí ẹyìn rẹ̀ kọ. Tí ọ̀pẹ kan bá ti sun tó, á fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Igi ògùrọ̀ tó wà ní àbàtà yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so láyé rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ á kú, ìgbà tó bá sì fẹ́ yọ òdòdó ni wọ́n ń dá a. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀, kò ní sí èso tí yóò jábọ́ hù. Ìdí nìyẹn tí èmi àti bàbá fi ṣe àdéhùn pé nínú mẹ́rin, a ó fi ọ̀kan sílẹ̀ kó so. Èmi ló ń ra igbà rẹ̀, mo sì ń san owó kẹ́ẹ̀gì kan ju iye tí àwọn tó ń gé ọ̀pẹ ń gbà lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ ń gun ọ̀kadà. Bí iṣẹ́ náà kò bá mú owó wọlé, ta ni yóò gun ọ̀pẹ lẹ́yìn bàbá yìí?

Ìgò náà wọ́n. Ẹ bá wa kó wọn padà, bí ẹ ṣe ń kó ìgò bíà padà. 200 náírà la ó yọ fún yín lórí ìgò kan tí kò fọ́. A ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sì tún un lò.

Bí ìgò tí kò ní ọjọ́ lára bá ṣì wà nílé yín, ti ìgbà yẹn ni. Ẹ má ṣí i, ẹ má sì fi í sínú oòrùn. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí ẹ rọra gbé e sínú fíríjì títí di ọjọ́ kejì, kí yíìsì lè sùn, lẹ́yìn náà ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀ nínú aṣọ. Bí kò bá ṣeé gbé, ẹ ránṣẹ́ pè wá, ọmọ á wá gbé e. Owó yín la ó dá padà lójú ẹsẹ̀, tàbí ìgò tuntun, èyí tí ẹ bá fẹ́. Obìnrin tó kó àfọ́kù wá lọ́jọ́sí ti gba tirẹ̀, ó sì ra méjì kún un.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́mu yín, Lágere, Ilé-Ifẹ̀