Lẹ́tà sí Àkànní, àbúrò mi

Àkànní,

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin Ìkòròdú yẹn ló tún gbé ọ wá sọ́kàn mi. Oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni, èsì JAMB ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọ́n ní ọmọ ọdún 19 ni, ó wo máàkì rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, ń sunkún níwájú àwọn oníròyìn pé àṣìṣe wà nínú èsì ibùdó ìdánwò 157, l'Ékòó àti ìpínlẹ̀ márààrún tó wà nílẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997. Wọ́n ní kí wọ́n wá tún un ṣe.

Ní tìrẹ, kò sẹ́ni tó ṣi máàkì kà. Ilé-ìwé ti ní kó o máa lọ sílé láti 200 level, àwa ò mọ̀. Bí ilé-ìwé bá ti wọlé, wàá di báàgì, wàá dọ̀bálẹ̀, Àǹtí mi, ìyá rẹ, á kó owó fún ọ, wọ́n á gbàdúrà lé ọ lórí.

Ohun tí mi ò rí tú ni ọjọ́ Gbági. Àǹtí mi fẹ́ ra àǹkárá tí ẹbí máa wọ̀ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ, o sì bá wa lọ. Ìwọ lo ní aláwọ̀ ewé yẹn ò dáa, pé aláró ni ká mú. Ìwọ náà lo ná an. Ìyá aláṣọ dá iye kan, o rẹ́rìn-ín, o fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà, o ní ó máa ṣí. O ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó sì pè wá padà. O tún bèèrè èènì! Ta lò ń ná aṣọ fún, Àkànní? O mọ̀ pé orúkọ rẹ ò sí nínú lísítì. Ṣé owó ìyá rẹ lò ń ṣọ́ ni, àbí ìwọ náà gbàgbé díẹ̀ pé irọ́ ni? Inú máa ń bí mi. Ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí nínú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀, aṣọ náà wà lórí itan àwa méjèèjì. O ò sọ nǹkan kan.

Àǹtí mi ò pa òwe "ikú yá ju ẹ̀sín" mọ́. O rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi lé wa létí tí wọ́n bá ti rí káàdì ìdánwò? Pásítọ̀ kan fi wàásù lọ́jọ́ kan, Àǹtí mi dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tọ̀, wọn ò padà wọlé. Lójú àdúgbò, àìsàn ráńpẹ́ ló pa ọ́. Nígbà tó o wà láyé, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni abala 327 Criminal Code kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú. Ta ló fẹ́ wá sọ̀rọ̀ síta?

Mo ka ìwádìí kan láti Sweden. Wọ́n tọ ipa ọmọ bí 900,000 tó jáde ilé-ìwé ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16 láàárín 1988 sí 1997, wọ́n ń ṣọ́ wọn títí di 2006. Àwọn tí máàkì wọn kéré jù ni ewu ikú yìí pọ̀ jù fún. Ó dáa. Ìwọ tí A kún inú èsì WAEC rẹ ńkọ́? Ta ni ì bá máa ṣọ́ ọ?

Ọmọ mi náà wà nínú 379,997 yẹn. 158 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ó tún un ṣe, ó gba 221, kò tó fún iṣẹ́ dókítà tó fẹ́ kà. Ìyá rẹ̀ ń ka máàkì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i létí láràárọ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ó ní èmi ni mò ń ba ọmọ jẹ́. Lánlọ́ọ̀dù ti fi owó lé owó ilé, níbi iṣẹ́ wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa dá dúró. Ọmọ náà ń fọ abọ́, ó ń bá àbúrò rẹ̀ ṣeré. "Kò sí wàhálà, Dádì." Láti ọjọ́ Gbági, ẹ̀rín ọmọ kì í fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Lálẹ́ àná, mo bi í tààrà bóyá ó ti rò ó rí pé kóun kú. Ìyá rẹ̀ pariwo pé mò ń fi ẹnu ara mi pe ikú wọlé. Ọmọ ò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́la la ń lọ rí dókítà. Ọ̀gá mi ò tíì fọwọ́ sí i pé kí n má wá síbi iṣẹ́. Màá lọ bẹ́ẹ̀.