Tíì páálí pupa kọ́ ni wọ́n dán wò ní Ṣáínà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e jáde pé oògùn inú ewé Ṣáínà lè gba ọpọlọ sílẹ̀ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, àwọn oníbàárà ò jẹ́ kí n sinmi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Mọ́kọ́lá. "Mọ́mì, ṣé ẹ ní tíì yẹn?" Tíì wo? Èyí tó wà nínú páálí pupa, tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò láti Ìwó Róòdù títí dé Ọ̀jọ́ọ́. Mo ka ìròyìn yín dáadáa, ẹ ò dárúkọ tíì kankan níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tà á ti gé ojú ìwé náà, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́, òun ni wọ́n ń nà sí èrò ọkọ̀ báyìí.

Iṣẹ́ gidi ni àwọn ará Ṣáínà ṣe, mi ò ní bù ú kù. Wọ́n rí èròjà kan nínú hóró sẹ́lẹ́rì, ìyẹn ewébẹ̀ òyìnbó kan, wọ́n ń pè é ní butylphthalide. Nígbà tó yá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè pò ó fúnra wọn láìgún hóró kankan. Ọdún 2002 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i fún rọpárọsẹ̀ tó ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ọpọlọ. Lọ́dún 2023, àbájáde àyẹ̀wò ńlá kan jáde: aláìsàn 1,216, ilé ìwòsàn 59. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn náà, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Aláìsàn ò mọ èyí tó ń gbà, dókítà náà ò mọ̀. Nígbà tó pé 90 ọjọ́, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba oògùn, ìdá 56.7 ló gbádùn dáadáa. Ti àwọn yòókù jẹ́ 44.0.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àwọn tí wọ́n fún. Láàárín wákàtí 6 tí àìsàn náà kọlù wọ́n ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fún wọn lóògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí kí wọ́n fi wáyà fà á jáde nínú iṣan. Orí ìyẹn ni wọ́n wá fi butylphthalide lé, wọ́n kọ́kọ́ ń fà á sí wọn lára fún 14 ọjọ́ kí wọ́n tó máa gbé e mì. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó jókòó sílé tó ń se tíì.

Kì í sì í ṣe gbogbo ewé Ṣáínà ló yege. Àdàlù kan tí wọ́n ń pè ní FYTF-919 wà, fún irú rọpárọsẹ̀ tí iṣan ọpọlọ ti bẹ́. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 1,648 ní ilé ìwòsàn 26 ní Ṣáínà, èsì jáde lọ́dún 2024: kò yàtọ̀ sí ohun tí kò ní nǹkan kan nínú. Wọ́n sọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gba ti butylphthalide gbọ́.

Nǹkan tó ń dẹ́rù bà mí rèé. Ẹnu wíwọ́ àti apá kíkú kì í sọ fúnni bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì tàbí iṣan ló bẹ́; CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ló ń fi hàn. Obìnrin kan gbé páálí tíì wá bá mi fún ọkọ rẹ̀. Lẹ́tà Ṣáínà kún ara rẹ̀ fọ́fọ́. Mo gbé awò mi wọ̀, mo rí danshen lápá ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò ni danshen, ó sì máa ń jẹ́ kí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lágbára ju bó ṣe yẹ lọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa dà. Ọkọ obìnrin yìí ń lo warfarin nítorí ọkàn rẹ̀! Mo ní kó gbé páálí náà lọ bá dókítà wọn kó tó fi iná kan omi.

Ẹ má pè mí ní ọ̀tá ewé. Ẹlẹ́wé ọmọ ni ìyá mi, Ọjẹ́ ló ti ń tajà. Asọféyẹje wà lórí àtẹ rẹ̀, reserpine sì wà nínú asọféyẹje, oògùn tí àwọn dókítà lò káàkiri ayé fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti bí ọdún 1950 sókè. (Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ sè é mu o, ìwọ̀n rẹ̀ ò ṣeé fojú dá.) Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ló sì ṣáájú nínú ohun tó ń bá rọpárọsẹ̀ rìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Ọwọ́làbí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n fi ẹni 2,118 tó ní rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà wé 2,118 tí kò ní in. Àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà níbẹ̀, bíbu iyọ̀ sóúnjẹ lórí tábìlì náà wà níbẹ̀. Ẹni tó sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́n jù, tó wá kówó tíì sílẹ̀ lójú mi, inú máa ń bí mi sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ ìyókù ìròyìn náà: irú rọpárọsẹ̀ wo, wákàtí mélòó, pẹ̀lú ìtọ́jú wo. Kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kì í ṣe tíì. Ojú ìwé kan náà tí ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí ni kí ẹ gbé e sí, kí èmi náà lè gé e, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káńtà.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn