Àṣàkẹ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?

Àṣàkẹ́ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ẹ́, o ò gbé e. Lánàá owó wọlé sí àkáǹtì mi, ₦30,000, ọ̀rọ̀ kankan ò tẹ̀lé e, kò sí "Bàbá mi, ẹ fi ra nǹkan jẹ", owó lásán. Ta ló bèèrè owó? Ohùn ẹ ni mo ń wá. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ èyí látàárọ̀, màmá ẹ rò pé ìròyìn ni mo ń kà. Má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ nǹkan kan sí ẹ, wàá rí ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Ilé wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbé tíráńsífọ́mà àdúgbò lọ láti ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un ṣe, a ò tíì rí wọn. Ewúrẹ́ màmá ẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Délé ṣe JAMB, ó ní ó dáa gan-an, bó ṣe sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn.

Wá gbọ́. Àǹtí ẹ Ìyábọ̀ lọ síbi ìsìnkú kan n'Íwó, ó bá ara ẹ̀ lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ìyá ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, obìnrin yẹn wá ń fọ́nnu fún gbogbo wọn pé ìyàwó àwọn ti gbà, pé bí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó tán kò ní ṣe tíátà mọ́, pé ó máa fi iṣẹ́ ìranù yẹn sílẹ̀, wọ́n ti ń wá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n máa fi ta aṣọ ọmọdé fún un. Ó ní o ti gbà. Ṣé òótọ́ ni pé o ti gbà?

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ. Wàá ní ṣebí Bàbá ló ní tíátà kì í ṣe iṣẹ́. Èmi náà ni. Èmi ni mo ní kó o lọ ka Accounting, èmi náà ni mi ò wá nígbà tí fíìmù ẹ àkọ́kọ́ jáde, mo ní inú ń run mí. Inú ò run mí, Fúnmiláyọ̀. Mo jókòó sílé mo ń wo bọ́ọ̀lù.

Ṣé o rántí Sístà Khan, obìnrin inú fíìmù Ṣáínà yẹn? O gbọ́dọ̀ rántí ẹ̀, ìwọ lo máa ń ki kásẹ́ẹ̀tì padà sínú páálí wọn ní ṣọ́ọ̀bù fídíò wa n'Ígbọ́nà, tí o bá ti rí ti Sístà Khan o máa fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì kí oníbàárà máà gbé e lọ. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún fíìmù Ṣáínà ló ń bọ́ wa. Ìdajì nínú ẹ̀ ò mọ́lẹ̀, ẹni tó kẹ́yìn yá a ti fi eyín jẹ tépù, mo máa fi sípírítì nu orí ẹ̀rọ títí ọwọ́ mi á fi bó. Àwọn èèyàn kì í dárúkọ fíìmù, wọ́n á kàn ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi mú ti Sístà Khan". Michelle Khan ló wà lára páálí. Ó tó ogún ọdún kí n tó mọ̀ pé Yeoh ni orúkọ bàbá ẹ̀, pé àwọn tó ń ṣe fíìmù ló fún un ní Khan yẹn torí wọ́n rò pé ó máa tà lójú àwọn ará ìta ju Yeoh lọ.

Èyí tí wọ́n máa ń jà sí jù ni Yes, Madam, ti 1985, òun àti òyìnbó obìnrin kan, Cynthia Rothrock, ọlọ́pàá làwọn méjèèjì. Ibì kan wà níparí. Ó jókòó sórí irin fáránńdà òkè, ó fi ẹsẹ̀ há a, ó wá dà sẹ́yìn gbalaja, orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ́ gíláàsì, ó na ọwọ́ méjèèjì wọlé ó fi gbá àwọn ọkùnrin méjì mú lọ́rùn ẹsẹ̀, ó fà wọ́n já bọ́ sílẹ̀. Mo máa ń dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kò sì kọ́ kọnfú rí kó tó dé ìdí iṣẹ́ yẹn o! Ijó báléètì ló ń jó láti kékeré nílùú wọn, Ipoh, ní Malaysia, ó lọ kọ́ ọ sí i ní Lọ́ńdọ̀n, eegun ẹ̀yìn ẹ̀ ló ṣèṣe níbẹ̀ tó fi di pé kò lè fi ijó jẹun mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tìẹ ti wọlé nìyẹn. Mo gbọ́ pé o ṣubú lórí ọ̀kadà níbi tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù l'Ábẹ́òkúta, ìbàdí ẹ ni. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ ọmọ yìí ò dáa! Kí ló dé tí bàbá á fi máa gbọ́ ìròyìn ara ọmọ ẹ̀ lẹ́nu oní-POS? Ṣé o lọ ya X-ray? Ṣé o ń fi omi gbígbóná jẹ ẹ́? Tó bá jẹ́ ìbàdí ló ní kó o dúró, mi ò ní bá ẹ jà, lọ jókòó, lọ sùn, oṣù mẹ́fà, ọdún kan. Obìnrin yìí náà bẹ́ láti orí bíríìjì ní 1996 níbi tó ti ń ṣe fíìmù kan lórí àwọn obìnrin tó ń bá àwọn òṣèré gba ìyà ìjà, ó balẹ̀ sórí fóòmù àti páálí, bó ṣe balẹ̀ ò dáa, ọsibítù ni wọ́n gbé e gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e òun àti James Bond ló jọ wà lórí alùpùpù kan náà. Ìsinmi ni ìsinmi ń jẹ́. Èyí tí ìyá ọkùnrin yẹn sọ kì í ṣe ìsinmi.

Ó dáa. Lẹ́yìn 1987 a ò rí Sístà Khan mọ́. Àwọn oníbàárà ń bèèrè, mò ń sọ pé tuntun ń bọ̀, tuntun ò dé. Màmá ẹ ló dá wọn lóhùn lọ́jọ́ kan, ó ń ka owó lọ́wọ́, kò gbójú sókè, ó ní "Á jẹ́ pé ó ti lọ́kọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó di 1993, mo gba kásẹ́ẹ̀tì Jackie Chan kan láti Èkó, Police Story ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo fi sí i lálẹ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò, màmá ẹ pọ̀n ẹ́ sẹ́yìn, ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kí la máa rí? Obìnrin yìí lórí alùpùpù, ó gun òkè kan tagbáratagbára, òun àti alùpùpù fò sókè wọ́n bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré lọ. Òun fúnra ẹ̀ ni, kò rán ẹnì kankan, wọ́n ní kò mọ alùpùpù gùn rí kó tó di fíìmù yẹn. Ìgbálẹ̀ dúró. Màmá ẹ wò ó títí, ó wá bi mí, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè rárá, ó ní:

"Ṣé ọkọ ẹ̀ ti kú ni?"

Mi ò lè dáhùn. Mo ní wọn ò kọ ìyẹn sára páálí.

Ẹ̀yìn ìgbà tí Délé kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan lórí Google ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí màmá ẹ sọ ló rí bẹ́ẹ̀, àfi ikú nìkan. Ní 1988 ló fẹ́ Dickson Poon, olówó tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn fíìmù ẹ̀ yẹn gan-an, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1992 wọ́n tú ká. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò dé wà nínú ẹ̀. Kò bá ọkùnrin náà ṣọ̀tá, òun ni ìyá ìsàmì fún ọmọ tí ọkùnrin náà bí lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti tẹ ojú mọ́ fóònù títí omi fi bọ́ lójú mi ni ibi tó ti sọ pé òun lòún yan kí òun fi iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀, pé òun fẹ́ ilé, òun fẹ́ ọmọ, òun ò rò pé òun lè mú méjèèjì pọ̀. Òun ló yàn án. Ẹnì kankan ò dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí. O mọ̀ pé màmá ẹ wà nínú ẹgbẹ́ tíátà kí n tó fẹ́ ẹ, ohun tá a máa ń sọ fún yín ni pé ìgbà tó bímọ ló fi sílẹ̀. Irọ́ ni. Ní 1989, ẹ̀gbọ́n ẹ Kúnlé ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pé àwọn ń lọ Òǹdó àti Àkúrẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé kó gbé ọmọ dání, ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ tó máa bá a tọ́jú ẹ̀. Màmá ẹ ti di ẹrù. Mi ò sọ pé kó máà lọ. Tí mo bá sọ ọ́ ni, à bá jà á, bóyá ì bá sì borí mi. Nígbà tí mọ́tò wọn dé lídàájí, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá nápí ọmọ. Mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo na apá méjèèjì mo fi di férémù mú, mo ní ẹ máa lọ, ibà ti dá a dùbúlẹ̀ láti àná. Awakọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ṣí. Ó gbọ́ ọ. Ó sáré wá síwájú, ọwọ́ ẹ̀ ṣì tutù, mọ́tò ti yí kọ́nà. Ó wò mí. Mo ní wọ́n ní àyè ti kún. Ó padà lọ sá nápí yòókù.

Láti ọjọ́ yẹn kò bi mí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí mọ́tò bá fun fèrè níwájú ilé, ì báà jẹ́ ti oníbúrẹ́dì, ó máa gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà má dá mi lóhùn pé o nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn, mi ò bèèrè ìyẹn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó jẹ iyán dáadáa, ọmọ èèyàn ni. Màmá ẹ náà nífẹ̀ẹ́ mi. Ohun tí mò ń bi ẹ́ ni pé ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àbí wọ́n bá ẹ fẹ́ ẹ ni? Tó bá jẹ́ pé o jókòó, o rò ó, ó ti sú ẹ, aṣọ ọmọdé lo fẹ́ máa tà, mo máa wá tú ọtí sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Tó bá jẹ́ pé o ń gbà torí kí ilé lè tòrò, Fúnmiláyọ̀, kò ní tòrò. Ó máa dákẹ́ ni. Mo ti gbé nínú ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

Mo tún ka a pé ìyá tó bí obìnrin yìí ló lọ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje Miss Malaysia ní 1983 láì sọ fún un, ó kàn lọ kí ìyá náà lè jẹ́ kó sinmi ni, ó bá gbé e. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òbí kan ń ti ọmọ síwájú, èmi ń fi ìnáwó Accounting dí ẹ lọ́nà.

Lọ́dún 2023 tó gba Oscar, Délé gbé fóònù wá bá wa láàárọ̀ kùtù. Obìnrin tó nílé ìfọṣọ ló ṣe nínú fíìmù tó fi gbà á, Everything Everywhere All at Once, tí àwọn agbowó orí ń dà láàmú, ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn fún ipò náà, Jackie Chan fúnra ẹ̀. Òun ló wá di obìnrin àkọ́kọ́ láti Éṣíà tó gba ti òṣèrébìnrin tó dáa jù. Wọ́n fi ìyá ẹ̀ hàn ní Kuala Lumpur, ẹni ọdún 84, ó ń sunkún. Màmá ẹ ní ọmọ ọdún mélòó ni Sístà Khan náà báyìí. Délé ní 60. Màmá ẹ fi ìka kà, ó ní "Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ", ó wá dìde lọ ṣa ẹ̀wà.

Ọkùnrin tí Sístà Khan fẹ́ kẹ́yìn, Jean Todt, ọdún 19 ni wọ́n fi jẹ́ àfẹ́sọ́nà kí wọ́n tó ṣègbéyàwó ní Geneva. Mi ò ní kí o ṣe tìẹ bẹ́ẹ̀ o! Màmá ẹ ti ra léèsì.

Mú un wá lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò ní gbé ohùn sókè. A máa jẹun, lẹ́yìn náà mo fẹ́ mú un dé ẹnu ọ̀nà iwájú kí n sọ ohun tí mo sọ fún awakọ̀ yẹn fún un, ilẹ̀kùn la ti pààrọ̀, férémù ò yí padà. Màmá ẹ máa wà ní kíṣìnnì. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá sọ ọ́ sókè débi tó máa gbọ́.

Pe mí lálẹ́ òní, lẹ́yìn aago mẹ́jọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ nílé kejì tí mo máa ń gba iná díẹ̀. Tí fóònù mi bá kú, pe ti Délé. Kúlà mi tí o gbé lọ nígbà Ọdún Àjíǹde, jọ̀ọ́ gbé e bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá ẹ