Kí ìpolówó owó yíyá sọ iye tí yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ ìpolówó owó yíyá tó ń yọjú lójú fóònù wa ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó ń ná Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí wà lára àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí owó ọjà bá já.

Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ pé owó yóò wọlé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, láìsí onídùúró. Iye tí yóò tẹ ẹni náà lọ́wọ́ gan-an kì í sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan tọrọ ₦20,000, tí wọ́n yọ owó ìwé kúrò níbẹ̀, tí ó sì gba ₦15,000, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ₦20,000 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ keje. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó gbà ló fi san èlé ọ̀sẹ̀ kan yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ẹja tí èèyàn lè rà láàárọ̀ kó tà nírọ̀lẹ́ tí yóò máa pa irú èrè bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Alájọ, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, kì í fi owó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, tọmọdé tàgbà ọjà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í sì í kọ ọ́ síbẹ̀ pé àna ẹni àti ìyálọ́jà ni wọn yóò máa tẹ̀ láago bí owó bá pẹ́. Láti ọdún 2023 ni Google ti ka á léèwọ̀ fún áàpù owó yíyá inú Play Store láti wo nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù oníbàárà. Nítorí náà, ìpolówó tó bá ní kí a lọ gba áàpù lórí líǹkì WhatsApp yẹ kó ti mú ìfura dání.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, ìlànà tí àjọ náà sì gbé jáde lọ́dún 2025 fún àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ ní ìtanràn tó lè tó ₦100 mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni ìtanràn ń dé. Òfin ìpolówó ọdún 2022 ló fún àjọ ARCON lágbára láti yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ibẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n ti mú un: kí ARCON má fọwọ́ sí ìpolówó owó yíyá kankan tí kò bá kọ iye tí a óò gbà, iye tí a óò san àti ọjọ́ tí a óò san án, ní lẹ́tà kan náà tí wọ́n fi kọ ìlérí wọn. Kí àwọn aláwàdà tó ń gbowó láti fi ojú wọn polówó rẹ̀ náà wá máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Mo tún rọ FCCPC pé kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn ayánilówó tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn jáde lédè Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ọjà wa, bẹ̀rẹ̀ láti Olúwo.

Olùkà yín,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó