Lẹ́tà sí Àkànní lórí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tó ń sá sọ́tùn-ún

Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Kú òtútù Skọ́tíláǹdì o. Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àárẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò sì dùn mọ́ mi. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí o bá wà lórí pápá. O ní látìgbà tí olùkọ́ gọ́ọ̀fù rẹ ti yí swing rẹ padà, ìyẹn bí o ṣe ń ju igi láti gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù kò gbọ́ràn mọ́. Tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ lọ síwájú kó tó ṣẹ́rí sọ́tùn-ún. Ní báyìí, bó ṣe ń kúrò nílẹ̀ ló ti ń dorí kọ ọ̀tún, á sì tún máa tẹ̀ síbẹ̀ sí i. Òmíràn á ba ọrùn igi gọ́ọ̀fù, níbi tí ọ̀pá ti wọ orí rẹ̀, á sá wọgbó. O wá ń bi mí bóyá kí o padà sí ti àtijọ́.

Má padà. Mo bẹ̀ ọ́, má padà. Ohun tí ò ń rí yìí kì í ṣe àmì pé swing tuntun kò dára. Apá kan ti yí padà, apá kejì kò tíì tẹ̀ lé e ni.

Wò ó. Láyé àtijọ́, igi rẹ máa ń ti ìta wá, á gba iwájú bọ́ọ̀lù kọjá sápá òsì. Ojú igi, ibi pẹrẹsẹ tó ń kan bọ́ọ̀lù, á ṣí sọ́tùn-ún díẹ̀, slice á sì jáde, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún. Olùkọ́ rẹ ti tún ọ̀nà yẹn ṣe: igi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ara rẹ bọ̀ báyìí, ó ń jáde lọ sọ́tùn-ún díẹ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ rẹ ṣì ń ṣí ojú igi bó ṣe máa ń ṣí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kọjú sọ́tùn-ún, ojú igi tún ṣí kọjá ọ̀nà. Ibo ni bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà?

Ìwé gọ́ọ̀fù àtijọ́ á sọ fún ọ pé ọ̀nà tí igi gbà ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ tọ̀. Ẹ̀rọ rédà bíi TrackMan ti jẹ́ ká mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú igi kọ sí ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dorí kọ: nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 tó bá jẹ́ iron, igi olórí irin, ìdá 85 tó bá jẹ́ driver, igi gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú igi àti ọ̀nà rẹ̀ ló wá ń mú kó tẹ̀ lójú òfuurufú. Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ojú igi ni kó o kọ́kọ́ mú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó ní kó o máa dúró kọjú sósì kò ṣe ọ́ lóore, torí bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, ara rẹ á tún padà sí ọ̀nà àtijọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti bí o ṣe ń di igi mú. Bojú wo ọwọ́ òsì rẹ: oríkèé ìka mélòó lo rí? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ yẹn ti yí sósì jù. Yí i sọ́tùn-ún títí wàá fi rí méjì, kódà mẹ́ta. Ibi tí àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti pàdé, tó rí bíi lẹ́tà V, kó máa wo èjìká ọ̀tún rẹ. Ọwọ́ ni kó o yí o, kì í ṣe igi. Kọ́kọ́ gbé ojú igi kalẹ̀ kó dojú kọ ibi tí ò ń lọ, kó o tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yí méjèèjì pọ̀, tí nǹkan kan kò sì yí padà. Ó máa ṣàjèjì lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kó ṣàjèjì. O lè máa dì í mú bẹ́ẹ̀ nínú yàrá nígbà tí yìnyín bá dí ọ lọ́nà.

Ti ọrùn igi, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí igi ṣe ń gba inú bọ̀ yìí, bí ìwọ̀n ara rẹ bá lọ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọwọ́ á jìnnà sára, ọrùn igi ló sì máa kan bọ́ọ̀lù. Gbé páálí kan sí òdìkejì bọ́ọ̀lù, kó fi nǹkan bí ìka méjì jìnnà sí imú igi, ìyẹn ṣóńṣó orí rẹ̀ tó jìnnà sí ọrùn. Fi iron 7 gbá a, díẹ̀díẹ̀, láìgbé igi kọjá ìbàdí. Bí igi bá kan páálí, o ti mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń ṣe é níbí. Lakowe Lakes wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, pápá oníhò 18 tó rẹwà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi téèyàn ń yà sí lójoojúmọ́. Mo wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àwọ̀n létí ọ̀sà. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kì í kéré ju mílímítà 42.67 lọ ní ìbú, nítorí náà olójú kékeré ni mo rà, mo ṣẹ́ ẹ po méjì, mo so ó mọ́ ọparun lẹ́yìnkùlé. Mo jẹ́ kó dẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Bí àwọ̀n bá le tantan, bọ́ọ̀lù á padà wá bá ọ lójú.

Àwọ̀n kò lè fi ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ hàn mí, ìyẹn ló kọ́ mi láti máa ka ojú igi àti ilẹ̀. Máákà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú pátákó funfun ni mo fi ń sàmì sára bọ́ọ̀lù, mo sì ń jẹ́ kí àmì náà dojú kọ igi. Bí mo bá ti gbá a, àmì á tẹ̀ sójú igi: mo lè rí i bóyá àárín ni, imú ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Aṣọ gbígbẹ á sì nù ún kúrò. Mo tún máa ń fa ìlà sórí iyanrìn, kí n fi igi gbá a láìsí bọ́ọ̀lù. Iwájú ìlà ló yẹ kí iyanrìn ti fò, níbi tó kọjú sí àwọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìlà, ìwọ̀n ara ti dúró pẹ́ jù lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìwọ náà ṣe é létíkun tó wà lọ́dọ̀ yín.

Má tún ohun méjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdìmú ni kó o kọ́kọ́ fojú sí. Nick Faldo, agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tó tún swing rẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ gọ́ọ̀fù David Leadbetter láàárín àwọn ọdún 1980, ó ṣe díẹ̀ kó tó rí ife-ẹ̀yẹ gbà. Lọ́dún 1987 ló gba Open, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá, ní Muirfield, ní Skọ́tíláǹdì tí o wà yẹn, tó sì gbá páà, ìyẹn iye ìgbá tí wọ́n yàn fún ihò, lórí gbogbo ihò 18 lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nìyẹn o, tó sì fara dà á.

Bí o bá ti yí ìdìmú yẹn padà, fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Gbé fóònù sẹ́yìn rẹ, kó ga tó ọwọ́ rẹ, kó máa wo ibi tí ò ń gbá bọ́ọ̀lù sí, kí n lè rí ọ̀nà igi. Ya èkejì láti iwájú, kó sún mọ́ ọwọ́ òsì. Sọ fún mi pẹ̀lú bóyá bọ́ọ̀lù ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún díẹ̀ tó sì ń yí padà sí àárín, pè mí lọ́jọ́ yẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ òru níbí.

Bá mi kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó.